Ohùn Ẹnu Olùpè

Bí ẹnikẹ́ni ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, bá fẹ́ mọ̀ bóyá géèmù tuntun kan dára, ọ̀dọ̀ Abdulhafeez Rájí ni wọ́n máa ń ní kó lọ. Kò sí iléèwé tó kọ́ ọ; ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Nísàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn búlọ́ọ̀kù àtijọ́ ibẹ̀ ló ti ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú tẹlifíṣàn mélòó kan, àga oníke, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń wúkọ́ dáadáa kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn bàbá ọlọ́mọ tí ìyàwó wọn rò pé wọ́n ṣì wà níbi iṣẹ́ ló máa ń kún ibẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á máa yìnbọn fún iwin inú ìràwọ̀, tí wọ́n á máa pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, Hafeez tún ní ojúde kan lórí YouTube, tó pè ní "Àlàmú Ò Ní Parọ́". Àlàmú ni oríkì rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti máa ń fi Yorùbá sọ bí géèmù kọ̀ọ̀kan ṣe rí lára òun. Bí géèmù bá dùn, á yìn ín. Bí kò bá dùn, á bú àwọn tó ṣe é débi tí àwọn tó ń gbọ́ ọ á fi máa bá wọn bẹ̀ ẹ́. Ẹnu rẹ̀ mú, ó mọ̀ pé ó mú, ó sì ń fi yangàn. Ẹnu tí ìgbín fi bú òòṣà, òun náà ló fi ń wọ́lẹ̀ lọ bá a. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún Hafeez nígbà náà?

Géèmù tó fẹ́ràn jù ni èyí tí gbogbo wọn ń pè ní Ọdẹ Òfúrufú. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ gùn, wọn ò sì nílò rẹ̀. Sójà kan ló wà nínú rẹ̀, tó ń wá ọkọ̀ òfúrufú ńlá kan tó sọnù tòun ti gbogbo èrò inú rẹ̀. Hafeez àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọlátúbọ̀sún, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, jọ gbá a títí wọ́n fi parí rẹ̀, wọn ò rí ọkọ̀. Ibi tí apá kìíní parí sí nìyẹn: sójà dúró lójú òkùnkùn, ó ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn látọ̀nà jíjìn, ojú tẹlifíṣàn sì ṣú. Ó pẹ́ gan-an kí apá kejì tó jáde. Àwọn tó kù ń retí ìbọn tuntun. Hafeez ń retí ohùn ìyá rẹ̀.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe géèmù náà ń múra apá kejì sílẹ̀, wọ́n kéde fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kárí ayé pé kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n ní kí kálukú fi èdè rẹ̀ pe ẹnì kan tó fẹ́ràn, bí ìgbà tó bá fẹ́ kí onítọ̀hún padà wálé, àwọn máa fi ṣe ohùn ará ilé àwọn sójà. Hafeez kò bá ẹnikẹ́ni rò ó. Ó gba Òkè-Àfá lọ, níbi tí ìyá rẹ̀, Ìsíátù, ń gbé.

Obìnrin ará Ìsẹ́yìn ni, sálúbàtà àwọn ọmọ iléèwé ló ń tà l'Óṣòdì, ohùn rẹ̀ sì ni àwọn ará ilé fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Kò sí òwúrọ̀ kan tí kì í fi oríkì jí ọmọ. Kódà nígbà tí Hafeez ti di géńdé tó ń fá irùngbọ̀n, bó bá sun ilé ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá: "Àlàmú, ọkọ mi, jí o." Orí rẹ̀ á wú. Á sì díbọ́n pé òun ṣì ń sùn, kí ìyá lè máa bá oríkì náà lọ.

"Ta ni kí n pè?" ni ìyá bi í, nígbà tí Hafeez gbé fóònù sí i lẹ́nu.

"Ẹ sáà pe sójà kan, Màámi. Ẹ ní kó máa bọ̀ nílé."

"Sójà wo? Mi ò mọ sójà kankan. Wọn kì í pe ẹni tí ò sí. Tó bá wá lọ dá mi lóhùn ńkọ́?"

Hafeez rẹ́rìn-ín. Bí ìyá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Láti kékeré ló ti ń kìlọ̀ fún wọn pé bí ẹnì kan bá pè wọ́n tí wọn ò rí ojú rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Ó ní ẹni tó ń pe èèyàn láìfojú hàn, ire kọ́ ló ń pè é sí. Nítorí náà, kò pe sójà kankan. Ó tún ìborí rẹ̀ wé dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ jáde sáàárín èèyàn, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pe Àlàmú, ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀. Ó kì í kọjá ibi tó máa ń kì í dé láàárọ̀.

Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Ibo lo ní ohùn yìí ń lọ?"

"Òkè òkun ni, Màámi."

"Ṣé òkè òkun tí Àṣàbí wà?"

Àṣàbí ni Ṣùkúrátù, ẹ̀gbọ́n Hafeez obìnrin, tó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Oman. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti gba fóònù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń yá ti ẹlòmíràn pe ilé, kò sì ní tíì kí ìyá tán tí ìlà á fi já. Lójú ìyá, òkè òkun kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí Hafeez ṣàlàyé pé ọ̀tọ̀ ni ìlú àwọn onígéèmù, ọ̀tọ̀ ni Oman. Ṣùgbọ́n ó ń kánjú. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi." Irọ́ kékeré ni, irọ́ ọmọ tó fẹ́ tètè máa lọ.

Ni ìyá bá tún gbé fóònù súnmọ́ ẹnu. "Àṣàbí o. Àṣàbí, ọmọ mi. Ibi yòówù kó o wà, máa bọ̀ nílé. Ilẹ̀kùn ò tì." Ó dá fóònù padà fún un. "Ó máa gbọ́," ló wí. "Ohùn mi kì í ṣe kékeré." Hafeez fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn onígéèmù.

Kò pé ọdún lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi mú ìyá lọ. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín. Ṣùkúrátù ò sí níbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rí fóònù yá, kó tó mọ̀ pé òun kò ní ìyá mọ́. Nígbà tó ṣe, àwọn olè já fóònù gbà lọ́wọ́ Hafeez lábẹ́ afárá Òṣòdì, ohùn ìyá sì bá a lọ. Àwòrán pọ̀ nílé, kò sí ọ̀kan tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Ibi kan ṣoṣo tí ohùn Ìsíátù ṣì kù sí láyé ni inú géèmù kan tí kò tíì jáde.

Ó wá jáde. Hafeez ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ àwọn oníbàárà, òun àti Ọlátúbọ̀sún nìkan ló wà nínú rẹ̀. Géèmù náà kì í wá nínú páálí. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń fà á wọlé, gbogbo dátà tí àwọn méjèèjì ní ló sì bá a lọ. Ká má parọ́, géèmù náà dára. Hafeez wá ibi tó máa bú, kò rí. Ìbọn rẹ̀ wúwo bó ṣe yẹ kí ìbọn wúwo. Bó o bá yìn ín, páàdì tó o fi ń darí sójà á gbọ̀n dé èjìká rẹ. Nínú apá kìíní, ńṣe ni àwọn ẹranko tí sójà ń bá jà kàn ń sáré bọ̀ wá bá ọ bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Ní báyìí, wọ́n ń lúgọ, wọ́n ń gba ẹ̀yìn yọ, wọ́n ń dúró dìgbà tí ọta bá tán nínú ìbọn. Sójà lè fò láti orí òkúta kan nínú òfúrufú bọ́ sórí òmíràn, oòrùn méjì á sì yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọ̀gá sójà nìkan ló pọ̀ jù. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá ìbò. Hafeez ń to gbogbo èyí jọ sọ́kàn fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Wọ́n wá rí ọkọ̀ tó sọnù náà. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Ẹ̀dá kan ló ti gbé gbogbo èrò inú rẹ̀ mì, ó sì jí ohùn ará ilé wọn kó, òun ló fi ń tan ẹni tó bá wọlé. Olùpè ni wọ́n ń pè é. Kò lójú. Ẹnu ni gbogbo ara rẹ̀. Ó la ẹnu náà látinú òkùnkùn, ó ní, "Àlàmú, ọkọ mi, jí o."

Páàdì bọ́ lọ́wọ́ Hafeez.

Wọ́n ti da nǹkan mọ́ ohùn náà, ó ki, ó ń hanrun lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kì í mọ ohùn ìyá rẹ̀? "Yìn ín!" ni Ọlátúbọ̀sún ń pariwo. "Hafeez, shoot am now! Kí lò ń wò?" Nígbà tí kò rí i kó ṣe nǹkan kan, ó sáré mú páàdì nílẹ̀, ó sì rọ̀jò ọta sẹ́nu Olùpè. Ohùn náà já láàárín oríkì. Hafeez ti gbá a létí kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Ìyá mi ni," ló ń wí. "Túbọ̀sún, ìyá mi lò ń yìnbọn fún."

Ọlátúbọ̀sún di etí mú. Kò bínú. Òun náà ti jẹun títí nílé ìyá yẹn.

Láti ọjọ́ náà, Hafeez kò jẹ́ kí oníbàárà kankan dé inú ọkọ̀ náà lórí ẹ̀rọ òun. Lọ́sàn-án, bí ṣọ́ọ̀bù bá dá, òun nìkan á wọ ibẹ̀ lọ, á gbé ìbọn sílẹ̀, á dúró. Ìgbà náà ló wá mọ ohun tí àwọn tó kù ò mọ̀: bí o kò bá yìnbọn, tí o kò sì mira, Olùpè á sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Á kọ́kọ́ kì Àlàmú. Á dákẹ́ díẹ̀. Á wá pe Àṣàbí, á ní kó máa bọ̀ nílé, ilẹ̀kùn ò tì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó máa gbé ọ mì. Hafeez á jẹ́ kó gbé òun mì, á sì tún padà lọ. Lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé gbogbo ìkìlọ̀ ìyá rẹ̀ lórí ẹni tó ń pe èèyàn láìfojú hàn, ó sì jẹ́ ẹ nínú ṣọ́ọ̀bù òfìfo náà, ó ní, "Màámi."

Ká ní ó fi mọ bẹ́ẹ̀ ni, ì bá dára. Ṣùgbọ́n ó bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó bá gbogbo ayé níbi tí wọ́n ti ń yin Olùpè. Wọ́n ní àwọn ò rí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ nínú géèmù rí, pé èdè tí àwọn ò gbọ́ tó ń sọ yẹn ló ń mú kí ara àwọn bù máṣọ. Hafeez wo fídíò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹnì kan tó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. Bó bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n ti ju bọ́ǹbù sí i. Òyìnbó kan tiẹ̀ ń sín in jẹ, ó ń ki ohùn, ó ń ní "Alamu, Alamu," àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ó dun Hafeez wọ eegun. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé ó mọ géèmù, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ: Olùpè yẹn ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀. Ọlátúbọ̀sún wo ojú rẹ̀, ó ní, "Bọ̀bọ́, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kọ́kọ́ record ohùn màmá sílẹ̀ dáadáa ná, kó o tó bẹ̀rẹ̀ ìjà."

"Ṣé ẹ̀rọ yẹn ń sá lọ ni? Inú ń bí èèyàn, ìwọ ń sọ̀rọ̀ record."

Fídíò tó ṣe lọ́jọ́ náà, kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ó fi ibi tí Olùpè ti ń pe Àlàmú hàn, ó sì gé e síbi tí ìbọn ti dún, kí gbogbo ayé lè rí ìwọ̀sí náà. "Ẹ ní ará ilé lẹ máa fi ṣe," ló ń wí, tí itọ́ ń ta jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ wá sọ ìyá mi di ẹranko. Ẹ yọ ohùn ìyá mi kúrò lẹ́nu nǹkan burúkú yín! Ẹ pa á rẹ́ níbi gbogbo tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀ sí. Mi ò fẹ́ kó kù sọ́wọ́ yín, kékeré báyìí." Ẹnì kan bá a túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó tàn kálẹ̀. Àwọn tí kò mọ Ìsọlọ̀ yàtọ̀ sí Ìkòyí bá a sunkún. Hafeez ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i, ó sì ń ṣe é bíi pé òun ti gbèjà ìyá òun.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ṣùkúrátù dé láti Oman, pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ṣógúnlé ló sọ̀ sí. Ojú oórì ìyá ló kọ́kọ́ lọ, ó sì pe àbúrò rẹ̀ láti ibẹ̀.

"Hafeez, wọ́n ní ohùn Màámi ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ."

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ibi tó wà ò dáa. Ẹnu ẹranko kan ni."

"Kó jẹ́ ẹnu ajá. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Hafeez bẹ̀rẹ̀ sí í fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Ojú ń tì í láti mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síwájú nǹkan yẹn. Nígbà tí kò rí àwáwí mọ́, ó jẹ́wọ́ fún un lórí fóònù pé kì í ṣe òun nìkan ni ìyá pè. "Wọ́n pe ẹ̀yin náà," ló ní. "Wọ́n láwọn fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ àwọn níbi tẹ́ ẹ wà." Ṣùkúrátù ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú náà ló dé. Ó lé tìróò, ó tún ìborí rẹ̀ wé dáadáa, bí ìyá ṣe wé tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Hafeez gbé àga tó dáa jù fún un. Ọlátúbọ̀sún pa àwọn tẹlifíṣàn tó kù. Láàárọ̀, nígbà tí Hafeez tan ẹ̀rọ náà, ó ti rí i pé ó ń fa nǹkan kan wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì bó ṣe máa ń ṣe, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó wọ inú ọkọ̀ òfúrufú náà. Ó gbé ìbọn sílẹ̀. "Ẹ má mira o, Àǹtí," ló ní, bí ẹni pé Ṣùkúrátù ló wà nínú òkùnkùn ọ̀hún. Olùpè la ẹnu, ó bú bíi màlúù.

Hafeez ní bóyá òun ló mira. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Olùpè tún bú bíi màlúù. Ọlátúbọ̀sún ló lọ wo ohun tí àwọn tó ṣe géèmù náà kọ síta, ó sì rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń túfọ̀. "Wọ́n ní àwọn tọrọ àforíjì. Wọ́n ní nítorí ọ̀wọ̀ tí àwọn ní fún ìdílé màmá, àwọn ti yọ ohùn wọn kúrò nínú géèmù kárí ayé. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn gan-an, wọ́n ní àwọn ti pa á rẹ́. Bó o ṣe ní kí wọ́n ṣe."

"Ìdílé wo?" ni Ṣùkúrátù béèrè. "Ta ló ní kí wọ́n pa á rẹ́?"

Hafeez ò gbójú sókè. "Èmi ni."

"Ṣé tìẹ nìkan ni?"

Hafeez yọ fóònù, ó ṣí fídíò rẹ̀ fún un. "Àlàmú, ọkọ mi, jí o," ni ohùn náà wí, ó ki, ó ń hanrun. Ṣùkúrátù fọwọ́ bo ẹnu. Màámi ni. Ó súnmọ́ fóònù náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ìbọn dún, ó sì parí.

"Tèmi ńkọ́?"

"Mi ò fi kún un. Ibẹ̀ ni mo gé e dé."

Ṣùkúrátù ò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ẹni tó ti pẹ́ nílé onílé ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ohun tí wọ́n bá fún un, àti èyí tí wọn ò fún un. "Kí ni Màámi ní kí n ṣe?" ló bi í níkẹyìn.

Hafeez gbìyànjú láti sọ ọ́ bí ìyá ṣe sọ ọ́, kò lè ṣe é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Kò lè pè é ní Àṣàbí, kò sì lè sọ̀rọ̀ sí i bí ìyá ṣe ń sọ̀rọ̀ sọ́mọ. Ó ní, "Wọ́n ní ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ò tì."

Ọlátúbọ̀sún, tí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe, ti tún géèmù náà bẹ̀rẹ̀. Sójà dúró lójú òkùnkùn, láìsí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùkúrátù yíjú sí tẹlifíṣàn náà, ó sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Màámi, mo ti dé o," ló wí.

Olùpè bú bíi màlúù, ó gbé sójà náà mì, tẹlifíṣàn sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀.